A Bẹ Bàbá, A Bẹ Ìyá, Ta Ni Ó Bẹ Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti àgbàdo, kì í sì í ṣe ti ibà. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ó máa ń ti àgbà lójú láti sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí olúkúlùkù lè kà á jẹ́jẹ́ nínú yàrá rẹ̀, kí ó sì rò ó.

Ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Sàmóà. Ó jìnnà sí wa gan-an. Àárín òkun Pàsífíìkì ni ó wà, omi sì yí i ká. Erékùṣù méjì ni ó tóbi níbẹ̀: Upolu, níbi tí Apia olú-ìlú wọn wà, àti Savai'i. Gbogbo ènìyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 200 000 lọ. Wọ́n gba òmìnira ní ọdún 1962. Bí àwa ṣe ń jẹ iṣu ni àwọn ń jẹ kókò. Wọ́n ní àgbọn, wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ sì ni ẹran àsè wọn.

Bí ẹ bá dé abúlé wọn, ọ̀pọ̀ nǹkan kò ní ṣe àjèjì lójú yín. Ẹbí ńlá ni wọ́n ń gbé, aiga ni wọ́n ń pè é. Olórí ẹbí ni matai. Àwọn matai a máa jókòó pọ̀ ní ìpàdé tí wọ́n ń pè ní fono, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún ìlú ṣe. Òfin ọdún 1990 ti fi ọwọ́ sí agbára ìpàdé yìí. Wọ́n lè ní kí ẹni tí ó ṣẹ̀ mú ẹlẹ́dẹ̀ wá, tàbí owó, tàbí páálí ẹja inú agolo. Wọ́n lè lé e kúrò ní abúlé. Ọmọdé kì í dúró gangan níwájú àgbà tí ó jókòó. Bí ó bá ń kọjá, a tẹ̀ ba, a tọrọ gáfárà. Mo mọ irú ìpàdé àgbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti jókòó nínú ọ̀kan níhìn-ín, n ó sì sọ ọ́ fún yín kí n tó dákẹ́.

Ilé àtijọ́ wọn ni ó jọ mí lójú jù. Kò ní ògiri. Òpó ni, àti òrùlé. Bí òjò bá dé, wọn a tú ẹní tí wọ́n fi imọ̀ àgbọn hun sílẹ̀ yí ilé ká. Bí òjò bá dá, wọn a ká a sókè. Ẹni tí ó ń kọjá ní ojú ọ̀nà ń rí ẹni tí ó ń jẹun àti ẹni tí ó ń sùn. Ẹ ó sọ pé àṣírí kò lè wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Àṣírí wà.

Àjọ tí ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ní Sàmóà ṣe ìwádìí ńlá lórí ìwà ipá inú ẹbí. Wọ́n gbọ́ ẹnu àwọn ènìyàn ní gbangba, wọ́n gbọ́ ẹnu àwọn mìíràn ní kọ̀rọ̀. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Ìwé náà kò fi ohunkóhun bò. Ó sọ pé lílu ìyàwó àti lílu ọmọ ti di ohun ojoojúmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ó sọ pé àwọn àgbà kan ń bá ọmọ ìbátan wọn ṣe ìṣekúṣe, pé ìdákẹ́jẹ́ ẹbí ni ó sì ń fún ìwà náà ní àyè. Ìjọba wọn ni ó gbé àjọ náà kalẹ̀ o. Kì í ṣe àlejò ni ó wá bú wọn. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Kí ìwé yẹn tó jáde, àwọn kan ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2005, obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lina Chang dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti dúró ti àwọn tí a hùwà ipá sí. Samoa Victim Support Group ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ní ilé tí ọmọ lè sá sí, kí ó máa gbé ibẹ̀. Wọ́n ní nọ́ńbà tẹlifóònù tí ènìyàn lè pè láìsan kọ́bọ̀. Wọ́n ní aṣojú nínú ọ̀pọ̀ abúlé, ìyẹn ẹni tí ará ìlú mọ ojú rẹ̀, tí ọmọ lè tọ̀ lọ láìwọ ọkọ̀.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọ̀dọ́ dìde. Ọ̀kan nínú wọn ni Maluseu Doris Tulifau. Ọmọ Sàmóà ni, ṣùgbọ́n Kalifóníà ní Amẹ́ríkà ni ó dàgbà sí. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó pè ní Brown Girl Woke. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, a ó sọ pé ọmọbìnrin aláwọ̀ ilẹ̀ ti la ojú. Ó gbé iṣẹ́ náà padà wá sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni ó ń kó jọ. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti parí, wọ́n sì ń sọ ọ̀rọ̀ ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀ síta, ní ìlú tí ọmọdé kì í ti í sọ irú rẹ̀ níwájú àgbà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ bí ẹ ti ń kà èyí. Ẹ ń sọ pé ọmọ tí ó dàgbà sí ìlú òyìnbó, kí ló mọ̀ nípa àṣà? Ẹ ń sọ pé àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí, ariwo ni iṣẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, nítorí ariwo ni ó kéré jù nínú rẹ̀.

Dídúró ti ọmọ bẹ́ẹ̀, jíjókòó ni. Ọmọ náà yóò sọ gbólóhùn kan, yóò dákẹ́, yóò sọ ti oúnjẹ, yóò padà sí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń gbọ́ kò gbọdọ̀ máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kígbe. Kò gbọdọ̀ bi í pé, «Kí ló dé tí o kò pariwo?» A ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn. A ó bá a jókòó ní iwájú ọlọ́pàá, kí ó má baà sọ ìtàn kan náà fún ènìyàn mẹ́wàá. Ọjọ́ ẹjọ́ yóò dé, wọn yóò sún un síwájú, yóò tún dé. Oṣù á gorí oṣù. Lẹ́yìn náà ọmọ yóò padà sí ilé-ìwé, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbọ́. Ọmọ tí ó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sórí ẹní lè tún bẹ̀rẹ̀. Ó lè máa sùn ní kíláàsì nítorí pé kò rí oorun sùn lóru. Inú lè máa run ún láìsí àrùn kankan tí dókítà rí. Ẹni tí kò mọ̀ yóò sọ pé ọmọ náà ti ya ọ̀lẹ, pé ó ya aláìgbọràn.

Ó wà nínú èdè wa pàápàá. A máa ń sọ pé wọ́n ti «ba ọmọ náà jẹ́». Èmi kò fẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Ọmọ kò bàjẹ́. Ẹni tí ó ṣe é ni ó bàjẹ́.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ọ̀dọ́ ni ọmọdé ń sọ ọ́ fún? Nítorí pé ọ̀dọ́ kò ní àga nínú ìpàdé. Kò sí ẹbí tí ó ń dáàbò bo orúkọ rẹ̀ nípa pípa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ọmọ mọ èyí dájúdájú, bí kò tilẹ̀ lè ṣàlàyé rẹ̀.

Wàyí o, ohun kan wà nínú àṣà Sàmóà tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀wò pẹ̀lú mi. Ifoga ni wọ́n ń pè é. Ká ní ọkùnrin kan pa ọmọ ẹlòmíràn, tàbí ó fi ipá bá ọmọbìnrin ẹlòmíràn lò. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, matai rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀ yóò lọ sí iwájú ilé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Wọn yóò jókòó sílẹ̀, wọn yóò tẹ orí ba. Wọn yóò fi ẹní àtàtà bo ara wọn, ẹní tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó rọ̀ bí aṣọ, tí ó lè gba obìnrin ní oṣù púpọ̀ láti hun. Nígbà mìíràn wọn a gbé igi ìdáná àti òkúta lọ́wọ́, bí ẹni pé wọ́n ń sọ pé, «Àwa nìyí, bí ẹ bá fẹ́, ẹ sè wá jẹ.» Oòrùn yóò máa pa wọ́n níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ lè jáde wá lù wọ́n. Ṣùgbọ́n bí inú wọn bá rọ̀, wọn yóò jáde, wọn yóò ṣí ẹní náà kúrò lórí ẹlẹ́ṣẹ̀, wọn yóò pè wọ́n wọlé. Ìjà parí nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ kò ní pe ẹ̀jẹ̀ mọ́.

N kò ní fi ifoga ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ó lè dá ogun láàárín ẹbí méjì dúró kì í ṣe nǹkan kékeré. Àwọn adájọ́ Sàmóà pàápàá máa ń kà á sí nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìdájọ́, wọn a dín ìyà kù nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kò kú.

Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Ta ni wọ́n tẹ orí ba fún? Matai tẹ orí ba fún matai. Ẹbí tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹbí. Ta ni ó ṣí ẹní náà? Àgbà ni. Ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn wà nínú ilé, lẹ́yìn àwọn ìyá rẹ̀. Wọn kò bi í bóyá ó ti gbà. Ká ní wọ́n tilẹ̀ bi í, ọmọ ọdún mẹ́wàá wo ni yóò sọ pé òun kò gbà nígbà tí gbogbo ilé ń sunkún àlàáfíà?

Èyí tí ó burú jù wà níwájú. Ifoga nílò ilé méjì: ilé tí ó ṣẹ̀ àti ilé tí a ṣẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àbúrò bàbá ni ó ṣe é ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ bàbá fúnra rẹ̀? Ta ni yóò gbé ẹní lọ sí iwájú ilé ta? Matai kan náà ni orí ẹni tí ó ṣe é àti orí ọmọ tí wọ́n ṣe é sí. Àṣà tí ó lágbára tó láti dá ogun dúró kò ní ọ̀nà tí yóò gbà wọ inú ilé kan ṣoṣo yìí. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀, ní Sàmóà àti ní gbogbo ayé: ẹni tí ọmọ mọ̀ ni, ẹni tí a fi ọmọ tì lọ́wọ́.

Ààyè yìí ni àwọn tí ń ran ọmọ lọ́wọ́ wọ̀. Wọn kò gba ipò ẹnikẹ́ni. Ààyè náà ṣófo.

Ẹni tí ó bá sì sọ pé wọ́n ń ba àṣà jẹ́ kò tíì wo àṣà náà tán. Ní Sàmóà, májẹ̀mú kan wà láàárín arákùnrin àti arábìnrin rẹ̀, feagaiga ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún arábìnrin rẹ̀, kí ó dáàbò bò ó bí ẹyinjú ara rẹ̀, kí ó má tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ rírùn níwájú rẹ̀. Mímọ́ ni ọmọbìnrin ilé. Ta wá ni ó da májẹ̀mú náà? Ṣé ọ̀dọ́bìnrin tí ó sọ̀rọ̀ ni, tàbí ẹ̀gbọ́n tí ó wọlé lóru?

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan wé e. Ní ìparí ọdún 2019, àrùn éèyi, èyí tí àwọn dókítà wa ń pè ní ruzóòlù, wọ Sàmóà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ènìyàn 83 ni ó kú, ọmọ kéékèèké sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọjọ́ 5 àti ọjọ́ 6 oṣù Desẹ́ḿbà, ìjọba ti ọ́fíìsì àti ọjà pa. Wọ́n ní kí gbogbo ilé tí ẹni tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ bá wà so aṣọ pupa mọ́ iwájú ilé. Àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ojúlé dé ojúlé. Níbi tí wọ́n bá ti rí aṣọ pupa, wọn a yà. Àwọn ènìyàn so aṣọ náà. Ọ̀pọ̀ kò sọ pé ojú ń ti àwọn, pé orúkọ ẹbí àwọn yóò bàjẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ ni yóò kú bí àwọn bá fi pamọ́.

Èyí ti mo ń sọ yìí kò ní aṣọ pupa. Ọmọ ni ó gbọ́dọ̀ la ẹnu. Bí a bá sì kọ́ ọmọ láti ìgbà tí ó ti ń rá pé bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ kí ó dákẹ́, àwa ni a já aṣọ náà bọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà kan yóò dá mi lóhùn pé bí a bá mú ọkùnrin náà lọ sí ẹ̀wọ̀n, ta ni yóò ro oko? Ta ni yóò san owó ilé-ìwé? Òtítọ́ ni, ìyà náà máa ń dé ilé. Mo ti rí ilé tí ebi pa nítorí irú èyí. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ kò fi parí ní ilé ẹjọ́, tí ó fi yẹ kí ẹbí àti ìlú mọ̀ pé oúnjẹ ìyá náà ti di ẹrù gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé kí ọmọ fi ara rẹ̀ ro oko náà, kí ó máa wí i síta kí a gbọ́. Òfin kò gbà á. Sàmóà fi ọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ní ọdún 1994, wọ́n sì ṣe òfin ààbò ẹbí ní ọdún 2013. Adájọ́ lè fi òfin náà pàṣẹ kí ẹni tí ń fìyà jẹni jìnnà sí ilé. Àwa náà ní tiwa. Ìwé òfin ọmọdé ti Tógò jáde ní ọdún 2007, ti Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2015. Òfin wà. Ẹnu tí yóò sọ fún òfin ni kò tíì tó.

Bí ọmọ kan bá wá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ọ, ìwọ tí o ń kà èyí, má sọ pé kí ó lọ wẹ̀ kí ẹ tó jáde. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí ó ti wà. Aṣọ tí ó wọ̀, dì í sínú bébà, má fọ̀ ọ́. Kí wákàtí 72 tó pé, ìyẹn ọjọ́ mẹ́ta, oògùn wà tí dókítà lè fún un kí àrùn sídà má baà wọ ara rẹ̀; bí ẹ bá tètè dé ni ó dára jù, nítorí bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá, oògùn yẹn kò wúlò mọ́. Fún ọmọbìnrin tí ó ti ń rí nǹkan oṣù, oògùn mìíràn wà kí ó má baà lóyún, títí di ọjọ́ márùn-ún. Bí ọjọ́ bá ti kọjá pàápàá, ẹ ṣì lọ. Ọgbẹ́ wà tí nọ́ọ̀sì yóò tọ́jú. Sọ fún ọmọ náà pé o gbà á gbọ́. Bí ẹ bá dúró de ìpàdé ẹbí ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ mẹ́ta náà ti lọ.

Mo ṣe ìlérí pé n ó sọ ti ìpàdé tí mo jókòó sí. Ó ti tó ọdún mélòó kan. N kò ní dárúkọ abúlé náà. Ọmọ náà kò ju ọdún méjìlá lọ, ẹni tí ó ṣe é sì jẹ́ ìbátan ìyá rẹ̀. Wọ́n pè mí nítorí pé mo mọ̀wé, kí n lè kọ ohun tí a bá fẹnu kò sí. A jókòó lábẹ́ igi. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá. Wọ́n mú ewúrẹ́ kan wá, wọ́n mú ọtí àti obì wá. Gbogbo wa sọ pé Ọlọ́run ṣeun tí kò di ti jàndáàmù. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo kọ ọ́ dáadáa, mo sì fi ọjọ́ sí i. Nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ wá, ẹnì kan pe ọmọbìnrin náà pé kí ó bu omi wá fún àwọn àgbà. Ó bù ú wá. Ó kúnlẹ̀, ó ń gbé e fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ọkùnrin yẹn. Èmi náà mu nínú omi náà.

Ó ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. A pàdé ní ọjà ní ọdún tó kọjá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bi mí pé ara ilé ńkọ́, ó sì gbé igbá ata rẹ̀ lọ. Èmi ni n kò lè gbé ojú sókè.